Ṣé O Mọ̀? Adùn Inú Ọpọlọ, Láti Ara Eku Dé Èbúté Àpápá

Ojú omi ni Àpápá ti ń jẹun. Láti 1926 tí èbúté ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ọkọ̀ òkun ti ń já ẹrù sílẹ̀ níbẹ̀: sìmẹ́ǹtì, ìrẹsì, mọ́tò tòkúnbọ̀, àti oògùn. Ajégúnlẹ̀ kò jìnnà sí ibẹ̀ rárá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi èjìká àti orí jẹun ní èbúté ń sùn. Láàárín àdúgbò méjèèjì yìí, orúkọ tramadol àti codeine kò ṣàjèjì sí ọmọdé, kò ṣàjèjì sí àgbà. Ẹbí kan náà ni oògùn méjèèjì, ẹbí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní opioid. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ẹbí yìí ti wà nínú ara wa kí ọkọ̀ òkun kankan tó gbé e dé. Ó wà nínú ara eku, ó wà nínú ara ológbò, ó wà nínú ara ẹja. Díẹ̀ nínú ohun ìyanu ibẹ̀ rèé.

Ṣé o mọ̀ pé eku lè pa oúnjẹ tì nítorí adùn tí kò ṣeé jẹ?
Ní 1954, ní Yunifásítì McGill ní Kánádà, James Olds àti Peter Milner ki wáyà tín-ín-rín bọ inú ọpọlọ eku, wọ́n sì gbé ọ̀pá kékeré kan síwájú rẹ̀. Bí eku bá ti tẹ ọ̀pá yìí, iná mànàmáná díẹ̀ á kàn án lọ́pọlọ. Eku kò sá. Ó tún un tẹ̀, ó tún un tẹ̀. Láìpẹ́, àwọn eku kan ń tẹ ọ̀pá ju ìgbà 1,000 lọ láàárín wákàtí kan. Nínú ìwádìí mìíràn tó tẹ̀ lé e, eku tí ebi ń pa fi oúnjẹ sílẹ̀, ó dúró ti ọ̀pá. Ibi tí wáyà náà kàn ni a wá mọ̀ sí ọ̀nà èrè inú ọpọlọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ fún ẹranko pé, “Èyí dára, tún un ṣe.” Òun ló ń mú ewúrẹ́ padà sídìí èèpo iṣu, òun náà ló ń mú ọmọ jòjòló padà sídìí ọmú. Láìsí i, kò sí ẹranko tí yóò yè.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí ọpọlọ máa fẹ́ nǹkan, ọ̀tọ̀ ni kó máa gbádùn rẹ̀?
Dopamine lorúkọ èròjà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òun ni adùn inú ọpọlọ. Kent Berridge ní Yunifásítì Michigan yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lára eku. Wọ́n mú dopamine kúrò lára àwọn eku kan, àwọn eku náà kò wá oúnjẹ mọ́. Bí wọn kò bá fi oúnjẹ sí wọn lẹ́nu, ebi ni ì bá pa wọ́n kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kán omi ṣúgà sí wọn lẹ́nu, wọ́n ń lá ètè, wọ́n ń pọ́n ahọ́n. Adùn ṣì ń dùn mọ́ wọn. Ìfẹ́ láti wá a kiri ló ti kú. Dopamine ló ń tì wá lọ sídìí nǹkan. Opioid inú ara, pẹ̀lú àwọn èròjà díẹ̀ mìíràn, ló ń jẹ́ kí nǹkan náà dùn nígbà tí a bá débẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tí oògùn ti di bárakú fún fi lè máa wá a lójú méjèèjì nígbà tí adùn rẹ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀. Ìfẹ́ ń ga sí i, adùn ń rẹlẹ̀ sí i.

Ṣé o mọ̀ pé “bóyá” máa ń ru ọpọlọ sókè ju “dájúdájú” lọ?
Wolfram Schultz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi omi èso ṣe èrè fún ọ̀bọ. Wọ́n fi àmì kan kọ́ ọ pé omi èso ń bọ̀ dájú, wọ́n fi òmíràn kọ́ ọ pé ó lè wá, ó sì lè má wá. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2003, àmì “ó lè wá, ó lè má wá” ló mú kí sẹ́ẹ̀lì dopamine máa gbóná sí i títí èsì fi dé, ó sì gbóná jù nígbà tí ó bá jẹ́ ìdajì sí ìdajì. Ẹ fi èyí wo ìsọ̀ lọ́tọ̀ àti bẹ́ẹ̀tì tó kún inú àdúgbò. Ẹni tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fi góòlù kan ṣoṣo já kì í sábà sọ pé òun ti padánù. Ó máa ń sọ pé ó kù díẹ̀ kó bọ́ sí i, á sì tún ta òmíràn.

Ṣé o mọ̀ pé inú orí ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti rí oògùn tí ara ń pò fúnra rẹ̀?
Ní 1973, ilé ìwádìí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, méjì ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan ní Sweden, fi hàn pé ọpọlọ ní ojú ibi tí morphine, oògùn ìrora tó ti ara ewéko ọ́píọ̀mù wá, ti ń wọlé. Sẹ́ẹ̀lì ní ihò kọ́kọ́rọ́, morphine sì jẹ́ kọ́kọ́rọ́ tó bá ihò náà mu. Ìbéèrè wá dìde: kí ni ọpọlọ ẹranko ń fi ihò kọ́kọ́rọ́ ewéko ilẹ̀ òkèèrè ṣe? John Hughes àti Hans Kosterlitz ní Aberdeen, ní Scotland, ló wá ìdáhùn lọ. Hughes a máa gun kẹ̀kẹ́ lọ sí odò ẹran ní kùtùkùtù láti gba orí ẹlẹ́dẹ̀. Nínú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ wọ̀nyẹn ni wọ́n ti yọ èròjà tí wọ́n pè ní enkephalin ní 1975. Láìpẹ́ sí i, àwọn onímọ̀ tún rí endorphin. Kọ́kọ́rọ́ ilé nìyẹn. Ara ló ń rọ ọ́ fúnra rẹ̀, a sì máa fi dín ìrora kù nígbà ìrọbí, nígbà ìjà, nígbà tí a bá fara pa.

Ṣé o mọ̀ pé ẹja inú ọ̀sà Èkó náà ní ihò kọ́kọ́rọ́ yìí?
Gbogbo ẹranko tó ní eegun ẹ̀yìn àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ní in: ẹja, ọ̀pọ̀lọ́, alángbá, adìyẹ, ewúrẹ́, ènìyàn. Èyí fi hàn pé ètò náà ti wà kí eegun ẹ̀yìn kankan tó gun orí ilẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ kan ní Gúúsù Amẹ́ríkà tilẹ̀ ń pò opioid kan tó lágbára ju morphine lọ sí ara awọ rẹ̀. Dermorphin ni wọ́n ń pè é. Ní 2012, wọ́n rí i lára àwọn ẹṣin ìdíje ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn oníwàyó ti fún wọn kí wọ́n má baà mọ ìrora ẹsẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé opioid inú ara náà ló wà nídìí igbe òròmọdìyẹ tó ṣìnà?
Bí òròmọdìyẹ bá pàdánù ìyá rẹ̀, gbogbo agboolé ni yóò gbọ́. Ní àwọn ọdún 1970, Jaak Panksepp ní Ohio fún òròmọdìyẹ àti ọmọ ajá tí wọ́n yà kúrò lọ́dọ̀ ìyá wọn ní morphine tó kéré gan-an, tí kò tó láti mú wọn sùn. Igbe náà rọlẹ̀. Ní 2004, àwọn onímọ̀ Italy àti Faransé lo ọmọ eku tí kò ní ihò kọ́kọ́rọ́ opioid tó ṣe pàtàkì jù lọ. Àwọn ọmọ eku wọ̀nyí kò fi bẹ́ẹ̀ ké nígbà tí wọ́n gbé ìyá lọ, wọn kò sì ya òórùn ìyá wọn sọ́tọ̀ sí òórùn ìyá ẹlòmíràn. Ìfẹ́ tó so ọmọ mọ́ ìyá àti ìrora tí ìyapa ń fà ń gba ojú ọ̀nà kan náà tí ìrora ọgbẹ́ ń gbà. Nígbà tí àgbà bá ní ọ̀rọ̀ kan dun òun, òótọ́ ni ó ń sọ.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀bọ ń gba oògùn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nígbà tó ń yẹ irun rẹ̀ wò?
Talapoin ni ọ̀bọ tó kéré jù lọ ní Áfíríkà. Igbó tó wà láti Cameroon lọ sí ìsàlẹ̀ ni ó ń gbé. Ní 1989, àwọn onímọ̀ Cambridge rí i pé endorphin máa ń pọ̀ sí i lára talapoin tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti ń tú irun rẹ̀ wò. Bí wọ́n bá fún un ní oògùn tó ń dí ihò kọ́kọ́rọ́ náà, á máa tọrọ títú irun yìí ní ìlọ́po ìlọ́po, nítorí pé ọwọ́ ń kàn án, ara rẹ̀ kò sì gbọ́.

Ṣé o mọ̀ pé ológbò ní ewé tirẹ̀, ewé náà sì ń lé ẹ̀fọn?
Àwọn ará Japan mọ ewéko kan tí wọ́n ń pè ní matatabi. Bí ológbò bá ti rí i, á fi orí nù ún, á yí gbirigbiri lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ á sì dá wáí. Ní 2021, ẹgbẹ́ onímọ̀ kan láti Yunifásítì Iwate fi hàn pé èròjà inú ewé náà máa ń mú kí endorphin ológbò pọ̀. Nígbà tí wọ́n fún ológbò ní naloxone, oògùn tó ń dí ihò kọ́kọ́rọ́ opioid, kò yí mọ́. Ìyanu kejì tún tẹ̀ lé e: ẹ̀fọn kò fẹ́ bà lé orí ológbò tó ti fi ewé náà nu ara. Ìgbádùn tí ológbò rò pé òun ń jẹ, ààbò ni. Bí ọ̀nà èrè inú ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn nígbà tí ohun gbogbo bá wà ní ààyè rẹ̀: ohun tó dùn sábà máa ń jẹ́ ohun tó ṣe wá láǹfààní.

Ṣé o mọ ìdí tí wọ́n fi ń di ètè ẹṣin mú?
Bí wọ́n bá fẹ́ tọ́jú ẹṣin tó ń ta, àwọn olùtọ́jú ẹṣin a máa fi okùn fún ètè òkè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìrora ètè ló ń mú un gbàgbé ìrora yòókù. Ní 1984, àwọn onímọ̀ Netherlands yẹ ẹ̀jẹ̀ irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n rí i pé endorphin rẹ̀ lọ sókè, lílù ọkàn rẹ̀ sì rọlẹ̀. Nígbà tí wọ́n fún un ní naloxone, okùn kò ràn án mọ́.

Ṣé o mọ̀ pé galala náà ń ṣí ihò kọ́kọ́rọ́ yẹn?
Ní àwọn ọdún 1990, Ajégúnlẹ̀ gbé ijó galala lé gbogbo Nàìjíríà lọ́wọ́, pẹ̀lú Daddy Showkey, Baba Fryo àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Àwọn kan rò pé ijó àwọn aláìríṣẹ́ ni. Ní 2015, Bronwyn Tarr àti Robin Dunbar láti Oxford gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Brazil. Àwọn tó jó pọ̀ tí ẹsẹ̀ wọn bára mu fara da ìrora ju bí wọ́n ṣe ń fara dà á kí wọ́n tó jó, èyí tó jẹ́ àmì pé endorphin wọn ti pọ̀. Wọ́n sì sún mọ́ ara wọn sí i. Ní 2017, àwọn onímọ̀ Finland fi ẹ̀rọ yàwòrán ọpọlọ ẹni tó ti jókòó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ọpọlọ ti tú opioid tirẹ̀ sílẹ̀. Ijó, orin, ẹ̀rín, bọ́ọ̀lù ọ̀sán lórí pápá Maracana ní Ajégúnlẹ̀: ní àdúgbò tí owó kò ti pọ̀, àwọn wọ̀nyí ni oògùn tí ẹnikẹ́ni kò ta fún wọn. Láti orí irú pápá bẹ́ẹ̀ ni Taribo West, Samson Siasia àti Odion Ighalo ti gòkè.

Ṣé o mọ̀ pé ìgbàgbọ́ nìkan lè tú oògùn ara sílẹ̀?
Ní 1978, ní California, àwọn onímọ̀ fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín wọn ní abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn ìrora nínú. Ìrora àwọn kan rọlẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá fún wọn ní naloxone, ìrora náà padà dé. Ìrètí ló ti mú ara wọn tú opioid tirẹ̀ sílẹ̀, naloxone ló sì dí i. Nítorí náà, bí ara bá fúyẹ́ lẹ́yìn ife àgbo kan ní ìdíkọ̀, èyí kò tíì tó láti sọ bóyá àgbo ló ṣiṣẹ́ tàbí ọkàn ẹni tó mu ún.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ ló ń sọ codeine di morphine?
Pierre Robiquet, ará Faransé, ló yọ codeine jáde láti ara oje ewéko ọ́píọ̀mù ní 1832. Fúnra rẹ̀, codeine kò lágbára púpọ̀. Bí ó bá dé ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di morphine. Ẹ̀dọ̀ kò sì dọ́gba: ti àwọn kan ń ṣe é wéré, ti àwọn mìíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe é rárá. Ní Ethiopia, ìwádìí kan rí i pé nǹkan bíi 29 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn ló ní ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń sọ ọ́ di morphine ní kíákíá. Ìwọ̀n kan náà tó tán ikọ́ ẹnì kan lè dá mímí ẹlòmíràn dúró. Nítorí èyí ni Amẹ́ríkà fi pàṣẹ ní 2017 pé kí wọ́n má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ní codeine mọ́. Ìgò kan tí àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin ń gbé yípo lè ṣe mẹ́ta jẹ́ẹ́, kó sì pa ìkẹrin.

Ṣé o mọ̀ pé fídíò kan ló ṣáájú òfin codeine ní ọjọ́ kan péré?
Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin 2018, BBC Africa Eye gbé fíìmù kan jáde nípa bí omi ikọ́ codeine ṣe ń gba ẹ̀yìnkùlé ilé iṣẹ́ oògùn dé ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, Ilé Iṣẹ́ Ìlera ìjọba àpapọ̀, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Isaac Adewole, fòfin de kíkó omi ikọ́ codeine wọlé àti pípò ó nílé. Ìgò codeine di ọ̀wọ́n. Ọ̀nà èrè inú ọpọlọ àwọn tó ti mọ́ lára kò bá òfin náà parí.

Ṣé o mọ̀ pé tramadol kì í ṣe oògùn agbára?
Jámánì ni ilé iṣẹ́ Grünenthal ti ṣe é ní 1962, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1977 gẹ́gẹ́ bí oògùn ìrora. Dókítà a máa kọ 50 tàbí 100 mílígíráàmù. Èyí tí wọ́n ń fi kọ̀ǹtánà kó wọlé lọ́nà ẹ̀bùrú lè tó 200 tàbí 225 nínú horo kan. UNODC, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè lórí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, sọ ní ìparí 2017 pé tramadol tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ lọ́dọọdún ní apá Áfíríkà wa yìí ti kúrò ní kílógíráàmù 300, ó ti ju tọ́ọ̀nù mẹ́ta lọ láti 2013. Nínú oṣù Kẹsàn-án 2017, wọ́n gba mílíọ̀nù mẹ́ta horo ní Niger nínú páálí tí wọ́n tẹ àmì Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè sí lára. Láti Nàìjíríà ni ọkọ̀ tó kó o ti ń bọ̀, ó ń lọ sí àríwá Mali. India ni púpọ̀ nínú ẹrù yìí ti ń wá, ojú omi ló sì ń gbà. Ní oṣù Kẹrin 2018, India fi tramadol sábẹ́ òfin oògùn líle. Ní 2025, oògùn mìíràn, tapentadol tí wọ́n pò mọ́ carisoprodol, ti gba ipò rẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kí India tó dí ọ̀nà tòun náà.

Ta ló ń lo tramadol? Fàájì nìkan kọ́ ló ń gbé e dé ẹnu ènìyàn. Alábàárù tó ru àpò ìrẹsì láti òwúrọ̀ ń lò ó kí èjìká má baà dùn ún. Awakọ̀ tírélà tó ti sun ọjọ́ mélòó kan lórí ìlà ní ọ̀nà Àpápá ń lò ó kí oorun má baà gbé e. Tramadol kò fún wọn lágbára. Ó pa ẹnu ara mọ́ kó má lè pariwo pé ó ti rẹ òun, ó sì tún ru àwọn èròjà mìíràn nínú ọpọlọ sókè. Ìdí nìyẹn tí gìrì fi lè gbé ẹni tó bá lò ó jù.

Ṣé o mọ̀ pé tramadol ti wọ inú egbò ẹgbẹ̀sì?
Ẹgbẹ̀sì kò ṣàjèjì lórí àtẹ lẹ́kùlẹ́jà. Egbò rẹ̀ ni wọ́n ń sè fún ibà. Ní 2013, àwọn onímọ̀ Faransé kéde pé àwọn rí tramadol nínú egbò ẹgbẹ̀sì láti Cameroon. Ẹnu ya gbogbo ayé: oògùn tí Jámánì rò pé òun ló dá a, ṣé igi ilẹ̀ Áfíríkà ti ń ṣe é látayébáyé ni? Ní 2014, ẹgbẹ́ mìíràn láti Dortmund lọ wò ó. Wọ́n rí i pé ẹgbẹ̀sì ní àríwá Cameroon nìkan ló ní in. Ti gúúsù kò ní. Erùpẹ̀ àríwá ní in, omi ibẹ̀ ní in. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ló tú àṣírí náà: àwọn fúnra wọn ń lo tramadol, wọ́n sì ń fún màlúù wọn kó lè máa fa ohun èlò ìtúlẹ̀ nínú oòrùn gangan. Màlúù tọ̀ ọ́ sílẹ̀, ilẹ̀ mu ún, igi sì fà á. Oògùn tó ti èbúté wọlé ti gba ara ènìyàn, ó gba ara màlúù, ó sì dé inú egbò tí a ń pè ní oògùn ìbílẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé Èkó ló ga jù nínú ìwádìí oògùn ti gbogbo Nàìjíríà?
Àjọ tó ń ka iye nǹkan ní Nàìjíríà àti UNODC ló ṣe é, wọ́n sì fi 2018 sí i lórí. Láàárín àwọn tó wà ní ọdún 15 sí 64, nǹkan bíi mílíọ̀nù 14.3 ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, mílíọ̀nù 4.6 nínú wọn lo opioid láìsí àṣẹ dókítà. Ní Èkó, 33 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ọ̀kan nínú mẹ́rin àwọn tó ń lò ó jẹ́ obìnrin. Nítorí náà, ẹni tó bá ń na ìka sí Ajégúnlẹ̀ nìkan ń tan ara rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ìlú tí tramadol kún yìí kan náà ni morphine ti wọ́n?
Ìgbìmọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ ròyìn ní 2017 pé morphine tó ń dé ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn tí ìrora ńlá ń bá jà ní Nàìjíríà kò ju 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n nílò lọ. Nígbà náà, Amẹ́ríkà ń lo ohun tó ju ìlọ́po ọgbọ̀n ohun tó nílò lọ. Ẹni tí jẹjẹrẹ ń jẹ egungun rẹ̀ ń ké lóru nítorí oògùn tí iye rẹ̀ kò wọ́n. Ní Ilé Ìwòsàn Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyannwò àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń jà láti ọdún pípẹ́ kí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lè rí i gbà. Oògùn kò ní ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Ọwọ́ tó wà, ìwọ̀n tó jẹ́ àti ẹni tó ń ṣọ́ ọ ló ń sọ ọ́ di ìwòsàn tàbí ikú.

Ṣé o mọ̀ pé iyàrá tí ènìyàn ti lo oògùn lè pinnu bóyá yóò yè é?
Shepard Siegel ní Kánádà fún àwọn eku ní heroin léraléra nínú iyàrá kan náà títí ó fi mọ́ wọn lára. Lẹ́yìn náà, ó fún gbogbo wọn ní ìwọ̀n ńlá kan. Nínú ìwádìí tó gbé jáde ní 1982, nínú àwọn tó gbà á ní iyàrá tó ti mọ́ wọn lára, 32 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú. Nínú àwọn tó gbà á ní iyàrá àjèjì, 64. Ìwọ̀n kan náà, eku irú kan náà. Ara ti kọ́ láti múra sílẹ̀ nígbà tí ojú bá rí ibi tó mọ̀. Níbi tí kò mọ̀, kò múra. Ẹni tó ti jáwọ́ fún ìgbà díẹ̀, ní ẹ̀wọ̀n tàbí ní ilé ìtọ́jú, tó wá padà sí ìwọ̀n àtijọ́, wà nínú ewu tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ara rẹ̀ ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gbé ẹrù náà.

Ṣé o mọ̀ pé eku tí heroin ti mọ́ lára á yan ọ̀rẹ́ dípò heroin?
Marco Venniro àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi ọ̀pá méjì síwájú eku: tẹ èyí, oògùn á dé, tẹ tọ̀hún, ilẹ̀kùn á ṣí, eku ẹlẹgbẹ́ rẹ á sì yọ. Nínú ìwádìí wọn ti 2018, ẹlẹgbẹ́ ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ń yàn. Ìgbà tí wọ́n bá fìyà jẹ eku nítorí pé ó yan ẹlẹgbẹ́, tàbí tí wọ́n jẹ́ kí ẹlẹgbẹ́ náà pẹ́ kó tó dé, ni ó máa ń padà sídìí oògùn. Ìdílé tó lé ọmọ jáde nítorí oògùn ti ilẹ̀kùn kejì pa, ọ̀pá kan ṣoṣo ló sì kù fún ọmọ náà láti tẹ̀.

Ṣé o mọ ohun tó ń pa ẹni tí opioid bá pọ̀ jù lára rẹ̀?
Ihò kọ́kọ́rọ́ yìí wà ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ pẹ̀lú, níbi tó ń ṣètò mímí. Bí oògùn bá kún ibẹ̀, ọpọlọ á gbàgbé láti mí. Àmì rẹ̀ ni pé dúdú àárín ojú á kéré gan-an, ètè àti èékánná á yí àwọ̀ padà, èémí á máa fà, á máa dún bí ẹni ń han-run, ẹni náà kò sì ní jí bí o tilẹ̀ gbọ̀n ọ́n. Naloxone ni oògùn tó lè lé e kúrò nínú ihò kọ́kọ́rọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ lè tán kí ti oògùn náà tó tán, nítorí náà ilé ìwòsàn ṣì pọn dandan.

Má da omi lé e lórí. Má fi epo pupa, mílíìkì tàbí omi iyọ̀ sí i lẹ́nu. Ẹni tí kò jí kò lè gbé nǹkan mì, inú ẹ̀dọ̀fóró ni yóò gbà lọ. Má sọ pé kí oorun rẹ̀ ṣáà dá. Fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tì í sílẹ̀ kí èébì má baà fún un lọ́rùn, ké pe àwọn ará ilé, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Sọ orúkọ ohun tó lò fún dókítà láìfi pamọ́. Fún ẹni tó bá sì fẹ́ jáwọ́, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Yábàá láti 1907 ń tọ́jú àìsàn bárakú, bó ṣe ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ yòókù. Mú un lọ síbẹ̀, kí o sì bá a padà wálé.